Ìlà Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, Ọlábọ̀wálé ọmọ mi kú sínú òkun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. A kò rí òkú rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tó fi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́. Ilé ìwé gírámà ni mo ti jáde tí wọ́n fi gbà mí, wọ́n sì kọ́ mi bí a ti ń wọn òjò, bí a ti ń ka agbára atẹ́gùn, àti bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra agolo ìwọn-òjò kan, mo rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi ní Bẹẹrẹ, láàárín kànga àti ògiri. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lójoojúmọ́, mo máa ń da omi inú rẹ̀ sínú gíláàsì, màá kà á, màá sì kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀ mọ́. Mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa. Òjò tí o bá wọ̀n láàárọ̀ òní, òjò àná ni, nítorí láti àárọ̀ àná ló ti ń rọ̀ sínú agolo. Orí ìlà ọjọ́ àná ni wàá kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sórí ìlà òní, ọ̀gá á fi yíǹkì pupa yí i ká. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi yíǹkì pupa yí iṣẹ́ tèmi ká, ọdún àkọ́kọ́ sì ni ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ.

Ìdí ìwé òjò ni Bọ̀wálé dàgbà sí. Bí mo bá ń kà, òun ni yóò di pẹ́ńsùlù mú. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ pé bàbá òun mọ ibi tí ìjì ń lọ. N kò sọ fún un rí pé irọ́ ni. Nígbà tí Louisa ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1971, ó lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àríkẹ́, ní Àrẹ̀mọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tó bá wálé ló máa ń sùn sí ilé mi, yàrá iwájú.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún tí mò ń wí yìí, ìjì kan jà ní Ìbàdàn. Kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣí páànù méjì lórí ṣọ́ọ̀bù Olúsànyà, onígbàjámọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Nígbà tí mo kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà lórí àkàbà, ó ń wo ojú ọ̀run láti inú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

"Bàbá Olójò," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ rán an sí mi?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mi ò rán an."

"Ẹ bá mi kọ páànù mi náà sílẹ̀. Méjì ni. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ìjì ibi tó kó wọn sí."

Mo bá tèmi lọ. Mo ń rántí ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa nígbà kan, pé kì í ṣe gbogbo atẹ́gùn tó kọjá lórí ilẹ̀ wa ló ń kú. Òmíràn á máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí yóò fi bọ́ sójú òkun. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni yóò máa jẹ níbẹ̀, yóò máa sanra, títí yóò fi di ìjì òkun tí yóò wó ìlú àwọn ẹlòmíràn. N kò sọ pé ìjì tó ṣí páànù Olúsànyà ni èyí tí mò ń bọ̀ wá sọ. Ṣùgbọ́n mo ka ọjọ́. Ọjọ́ náà bá a mu.

Lẹ́tà Bọ̀wálé ti dé lóṣù kẹjọ. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ́n máa yà sí erékùṣù Barbados láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí wọ́n tó gba ojú òkun wá sí Èkó. Oṣù kẹwàá ni yóò wọlé. Ní Kérésìmesì, òun àti Morádéyọ̀, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àrẹ̀mọ, yóò ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà ni mo ti gbé àtíláàsì tó lò nílé ìwé jáde, mo ṣí i sí ibi òkun ńlá, mo sì gbé e sórí tábìlì.

Ilé rédíò kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò ń kọrin, tí kò sì ń ròyìn. Aago nìkan ló ń lù, kó, kó, kó, látàárọ̀ dalẹ́, kí àwọn awakọ̀ òkun lè fi tún aago tiwọn ṣe. Láàárín wákàtí kan sí èkejì, ọkùnrin kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, á sọ ibi tí ìjì wà lójú òkun, aago á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbà, mo máa ń rí i gbọ́ díẹ̀ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá, ọkùnrin náà ní ìjì tuntun kan ti dìde, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Evelyn. Orúkọ obìnrin ni wọ́n ń sọ ìjì láyé ìgbà náà. Ó wà lórí ìlà ogójì. Àwọn ìlà yìí ni wọ́n fà láti òkè dé ìsàlẹ̀ máàpù. Bí òǹkà wọn bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń sún mọ́ Amẹ́ríkà. Barbados wà lẹ́bàá ìlà ọgọ́ta. Atẹ́gùn Evelyn jẹ́ máìlì márùndínláàádọ́ta ní wákàtí kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé òjò mi, lórí ìlà ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ gẹ irun. Mo bi Olúsànyà bóyá rédíò tirẹ̀ ń gbé nǹkan dáadáa.

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́, Bàbá?"

"Mò ń wá Evelyn."

Ó dá abẹ dúró. Àwọn mẹ́ta tó jókòó ń dúró de irun gígẹ̀ wò mí.

"Ta ni Evelyn?"

"Ìjì ni."

"Gbogbo wọn náà ni ìjì, Bàbá Olójò. Èyí tó wà nílé mi ńkọ́?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti pé ọdún márùn-ún tí ìyá Bọ̀wálé ti lọ. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Ẹ mú un wálé ká rí i."

"Bó bá wálé, kì í ṣe páànù méjì ló máa kó lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi ń nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo rántí rẹ̀ nítorí n kò tí ì rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ajé àti ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ariwo nìkan ni mo rí gbọ́. Ní ìdájí Ọjọ́rú, aago tún lù gbangba. Evelyn ti dé ìlà àádọ́ta. Atẹ́gùn rẹ̀ ti di ọgọ́ta máìlì. N kò fẹ́ tan iná, nítorí náà mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ìṣáná.

Ní aago mẹ́wàá, mo lọ sídìí agolo. Òjò mílímítà méjìlá. Mo jókòó, mo ṣí ìwé, mo sì kọ méjìlá sórí ìlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí òfin ṣe wí. Páálí ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wò ó, mo kọ Evelyn náà tẹ̀ lé òjò, lórí ìlà kan náà. Mo ju páálí náà sínú ààrò.

Ọwọ́ mi ló ṣe é. N kò rò ó.

Ní aago méjì ọ̀sán, ẹni tó ń pín wáyà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ agbo ilé wa. Bọ̀wálé ló tẹ wáyà láti Barbados. Ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ máa ṣí ní Ọjọ́bọ̀. Ìjì Evelyn ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kò séwu. Àwọn kan fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Kí ni bàbá òun wí?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ohun tí mo wí nípa ìjì.

Mo ṣí ìwé, mo ṣí àtíláàsì, mo mú rúlà. Ọjọ́ Àìkú, ogójì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àádọ́ta. Ìlà mẹ́wàá ní ọjọ́ méjì, márùn-ún lójúmọ́. Ọjọ́rú, márùndínlọ́gọ́ta. Ọjọ́bọ̀, ọgọ́ta. Ó yé mi kedere: tí yóò bá fi di ìgbà tí ọkọ̀ ṣí, Evelyn á ti kọjá lápá àríwá erékùṣù náà, yóò ti máa lọ bá àwọn ẹlòmíràn. Ọkọ̀ á gba ẹ̀yìn rẹ̀ wálé. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nítorí ìjì tó ti ń lọ, òjò àná ló ń sá fún. Èmi náà kò sì fẹ́ràn ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Mo ti sọ ìyẹn fún un láti kékeré.

Mo wọ tákìsí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé: Evelyn á ti kọjá ní Ọjọ́bọ̀. Dúró ti ọkọ̀ rẹ. Bàbá.

Ọmọbìnrin tó gba fọ́ọ̀mù náà kà á. "Bàbá, kò pọ̀ o. Ṣé ká fi àdúrà díẹ̀ sí i?"

"Má fi nǹkan kan kún un," mo ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti rédíò. Mo ti fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó yẹ kí Evelyn wà. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní ìlà méjìléláàádọ́ta. Ó ní atẹ́gùn ti di máìlì márùndínláàádọ́rùn-ún, ó sì ń le sí i kíákíá.

Mo rò pé mo ṣì í gbọ́. Mo dúró di wákàtí tó tẹ̀ lé e. Méjìléláàádọ́ta ló tún wí. Ìjì kì í ṣàdédé falẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni mo ṣí ìwé mi, mo sì rí i.

Orí ìlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò mílímítà méjìlá. Ohun tí mo gbọ́ ní ìdájí Ọjọ́rú ni mo kọ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ẹni pé Evelyn náà rọ̀ sínú agolo lẹ́yìnkùlé mi. Mo ti bun ìjì náà ní odidi ọjọ́ kan tí kò tí ì rìn. Kò ní kọjá ní Ọjọ́bọ̀. Yóò ṣì wà níwájú wọn, ọkọ̀ náà yóò sì lọ pàdé rẹ̀.

Mo wá bírò pupa, mo fi yí i ká.

Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin àná náà ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún ti dé. Ṣé ó ti dáhùn ni?"

Mo na fọ́ọ̀mù sí i: Sọ̀kalẹ̀. Mo ṣì í. Sọ̀kalẹ̀. Bàbá.

Ó ń kà á lọ́wọ́ nígbà tí mo ní, "Jọ̀ọ́, kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ."

Ó kọ ọ́.

Èyí tó kù, rédíò ló sọ ọ́ fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìlà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, máìlì márùndínláàádóje. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ìlà méjìdínlọ́gọ́ta, máìlì àádọ́jọ. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, atẹ́gùn tó le jù tí mo kà rí ní Ìbàdàn kò tó ọgọ́ta, ó sì wó ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lulẹ̀. Láti Ọjọ́rú sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ méjì péré, ó ti di ìlọ́po méjì àbọ̀. Ọkùnrin náà kà á bó ṣe máa ń kà á. Kò gbé ohùn sókè. Ó kìlọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi yàgò. Lẹ́yìn náà aago tún bẹ̀rẹ̀, kó, kó, kó. Mo jókòó, mò ń gbọ́ ọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ kó wá wẹ̀. Mo dìde ní aago mẹ́wàá, mo lọ wọn òjò. Kò sí òjò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wáyà mi kejì padà wá. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé a kò rí ẹni tí a fẹ́ jíṣẹ́ fún, pé ọkọ̀ ti ṣí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ti àkọ́kọ́ kò padà. Èyí fi hàn pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń retí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, Àríkẹ́ wọlé pẹ̀lú àwọn àgbà ọkùnrin méjì láti agbo ilé wa. Àpótí lẹ́tà ọkọ Àríkẹ́ ni Bọ̀wálé ń lò, ibẹ̀ ni ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ dé sí. Kí wọ́n tó jókòó ni mo ti mọ̀.

"Àjàní," Àríkẹ́ ní, "jókòó."

"Mo ti jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bọ̀wálé ni. Wọ́n ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn."

A kì í ju ikú ọmọ lu bàbá rẹ̀ bí ẹni ju òkúta. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń gé e fún un, àìsàn lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé kò sí ilé ìwòsàn láàárín òkun. Ọkùnrin kejì ti dúró sẹ́yìn àga mi láti dì mí mú. Mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ti làágùn kí wọ́n tó wá.

"Ẹ sọ ibi tó kù," mo ní.

Àríkẹ́ fi gèlè bo ẹnu. "Àjàní, ọmọ ẹ ti lọ."

"Ẹ ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún Morádéyọ̀ bí ẹ ṣe sọ fún mi yìí. Díẹ̀díẹ̀."

Olúsànyà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó ṣí i, tí mo sì kọjá, "Bàbá" nìkan ló pè mí. Kò pè mí ní Bàbá Olójò mọ́ títí di òní.

Morádéyọ̀ ń wá lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti jáde ní ilé ìwé. Á gbá iwájú ilé, á pọn omi sí àmù, á jókòó. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, ó ní:

"Bàbá, ó ṣèlérí fún mi."

"Èwo?"

"Ó ní bí òkun bá burú, òun á sọ̀kalẹ̀. Ó fi Bíbélì búra, nínú yàrá yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì wà láyé. Òun ò sọ̀kalẹ̀." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo rò pé èmi ló fẹ́, Bàbá. Òkun ló fẹ́."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ìwé náà wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo ní kó máa lọ kí òjò tó dé. Òjò kò sì ṣú. Morádéyọ̀ kò wá ní ọjọ́ kejì, kò sì wá mọ́ lẹ́yìn náà.

Ní àná, Àríkẹ́ wá bá mi. Ó ní wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe nínú ẹbí, ó ku ẹrù ọmọ náà.

"Ìwọ lo mọ̀wé, Àjàní. Kọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ sínú ìwé kan. Ká fi ránṣẹ́ sí Morádéyọ̀, kó mú ohun tó bá wù ú. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ti sunkún tó. Mo gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé Bọ̀wálé ò ka òun sí."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ó lọ. Mo jókòó sí tábìlì. Mo kọ́kọ́ kọ aṣọ rẹ̀, nítorí ìyẹn rọrùn. Nígbà tí mo dé ibi tó yẹ kí n parí rẹ̀ sí, mo rí i pé kò tí ì tán. Mo wá kọ gbogbo èyí tí mo kọ sókè yìí, mo sì kọ èyí tó kù sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni màá fi gbé e dé Àrẹ̀mọ lónìí. Màá dúró kó kà á tán lójú mi.

Ohun tí Ọlábọ̀wálé fi sílẹ̀:

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta, ọ̀kan ti ya ní apá.

Bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ewé kan, tí kò tí ì wọ̀.

Bàtà dúdú kan, ìwé ìròyìn wà nínú méjèèjì kí wọ́n má ba à wó.

Fìlà méjì. Èmi ni mo ni èkejì tẹ́lẹ̀.

Bíbélì kan.

Fọ́tò Louisa ìyá rẹ̀, èyí tó yà ní ìdí àtẹ̀gùn Màpó.

Lẹ́tà Morádéyọ̀ mọ́kàndínlógún, nínú páálí bisikíìtì. N kò ṣí wọn.

Àtíláàsì ilé ìwé kan. Ìlà pẹ́ńsùlù wà lójú òkun. Èyí tó lọ kọjá Barbados, èmi ni mo fà á, irọ́ ni.

Wáyà kan láti Barbados, tó fi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀dà wáyà tí mo fi dá a lóhùn pé kó dúró.

Wáyà kejì, tó padà wá.

Ìwé òjò kan, ojú ewé ọjọ́ kejìlá sí ìkejìdínlógún oṣù kẹsàn-án. Kí Morádéyọ̀ wo ìlà ọjọ́ Ìṣẹ́gun.